A Gba Aṣọ, A Ju Bátànì Nù

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Lọ́dún yìí, mo ṣubú lẹ́nu iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí mo ń ṣe fún oyè mi. Mo kọ́kọ́ ṣe bí ọmọdé, mo wo iwájú, mo ń bínú sí kọ̀ǹpútà tí ó wà níwájú mi. Ìgbà tí ó yá ni mo tó rántí wo ẹ̀yìn. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi sọ nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa ti ọdún yìí.

Mo mọ̀ pé bí àwọn mìíràn bá ti gbọ́ orúkọ kọ̀ǹpútà báyìí, wọn yóò ṣí ojú ìwé yìí kọjá, wọn yóò lọ wá ibi tí ewì wà. Mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ gírámà ni mo mú wá. Ọ̀rọ̀ tiwa ni.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Iṣẹ́ mi dá lórí àpólà ìṣe alásínpọ̀, irú èyí tí a ń rí nínú gbólóhùn bí 'Adé ra ẹran jẹ' àti 'Olú gbé àga wá.' Nígbà tí mo sọ fún olùkọ́ tí ń bójú tó iṣẹ́ mi pé mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ lè tú irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ palẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, 'Ìwọ kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe é níbí ní 2003. Lọ wá iṣẹ́ rẹ̀ kà kí o tó bẹ̀rẹ̀.'

Mo lọ sí yàrá ìkàwé. Mo kí ìyá tí ń tọ́jú ibẹ̀.

'Ẹ káàsán mà.'

'Káàsán, ọmọ mi. Kí lo ń wá?'

Mo sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n wọ inú lọ, wọ́n pẹ́ díẹ̀, wọ́n sì gbé ìwé kan tí eruku ti bò jáde. Sídíì kan wà nínú àpò bébà tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀.

'Láti ìgbà tí mo ti wà níbí,' ni wọ́n wí, 'kò sí ẹni tí ó bèèrè sídíì yìí rí.'

Mo ka ìwé náà tán ní ọjọ́ méjì. Iṣẹ́ tí ó dára ni. Ẹni tí ó kọ ọ́ ṣàlàyé bí òun ṣe kó irú gbólóhùn Yorùbá jọ, bí òun ṣe kọ òfin fún wọn, àti bí ẹ̀rọ ṣe ń fi òfin wọ̀nyí tú gbólóhùn palẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tẹ àwọn òfin náà sínú ìwé. Ó kàn kọ ọ́ pé wọ́n wà nínú sídíì. Nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ náà 'fi,' bí a ti ń lò ó nínú 'Ó fi ọ̀bẹ gé iṣu,' ó kọ ọ́ pé a ya 'fi' sọ́tọ̀ fún ìdí tí a kọ sínú gírámà. Inú mi dùn. Ìdí yẹn gan-an ni mo ń wá, nítorí pé àríyànjiyàn pọ̀ lórí bóyá 'fi' jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tàbí kò jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, orí rẹ̀ sì ni ìdajì iṣẹ́ tèmi dúró lé.

Mo gbé sídíì náà tọ ọ̀rẹ́ mi kan lọ, ẹni tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní fásitì yìí kan náà. Fáìlì mẹ́ta péré ni a bá níbẹ̀: gbolohun.tab.c, lex.yy.c, àti iranse.c. Ọ̀rẹ́ mi ṣí ti àkọ́kọ́, ó ka ìlà kìíní, ó sì mi orí. Ìlà náà sọ pé Bison ẹ̀dà 1.35 ni ó ṣe fáìlì yìí láti ara fáìlì mìíràn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ gbolohun.y.

'Níbo ni gbolohun.y wà?' ni ó bi mí.

Kò sí níbẹ̀. Kò sì sí ibòmíràn tí a lè wá a lọ, nítorí pé ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà ti kúrò ní ilé-ìwé tipẹ́, a kò sì rí ẹni tí ó mọ ibi tí ó wà.

Ògbufọ̀ méjì

Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé gbogbo wa, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí Bison ń ṣe. Gbogbo wa ni a ti kọ òfin ìhun gbólóhùn rí nínú kíláàsì: gbólóhùn ni àpólà orúkọ tí àpólà ìṣe tẹ̀lé, àpólà ìṣe lè jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀ rẹ̀, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1956, Noam Chomsky pín irú gírámà bẹ́ẹ̀ sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí agbára wọn. Láìpẹ́ sí ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, John Backus àti Peter Naur, fi irú òfin kan náà ṣàpèjúwe èdè tí a fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ, èdè tí a ń pè ní Algol 60. Ẹ ò rí i pé ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè àti ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ti jọ mu omi nínú kànga kan náà.

Ètò tí ń gba gbólóhùn, tí ń fi òfin gírámà tú u sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí, ni èmi yóò máa pè ní atúpalẹ̀. Ènìyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ atúpalẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà nira, àṣìṣe sì pọ̀ níbẹ̀. Nítorí náà ni Stephen Johnson, ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà, ṣe ṣe irinṣẹ́ kan tí ó pè ní Yacc, tí ó sì kọ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1975. Ẹni tí ó bá ń lo Yacc kò ní kọ atúpalẹ̀ mọ́. Gírámà nìkan ni yóò kọ, Yacc fúnra rẹ̀ ni yóò sì kọ atúpalẹ̀ ní èdè C. Ní 1985, Robert Corbett kọ irinṣẹ́ tí ó wá di Bison, Richard Stallman sì tún un ṣe kí ó lè gba gírámà tí a kọ fún Yacc. Lex àti flex ni ìbejì wọn. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n gé ohun tí a kọ sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì máa nawọ́ rẹ̀ sí atúpalẹ̀.

Fáìlì tí Bison ń bí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń kà fún ìgbádùn. Àtẹ nọ́ńbà ni ó kún inú rẹ̀, ìlà lórí ìlà. Bí a bá fún un ní 'Adé ra ẹran jẹ,' yóò ka 'Adé,' yóò ka 'ra,' yóò ka 'ẹran,' yóò wá yọjú wo ọ̀rọ̀ kan péré níwájú. Bí ó bá jẹ́ òpin gbólóhùn ni ó rí, yóò pa ilé iṣẹ́ dé. Bí ó bá rí 'jẹ,' yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn tún ń bọ̀. Inú àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn ni ó ti ń wo ohun tí yóò ṣe.

Lẹ́yìn èyí ni kọ̀ǹpáílà yóò gba fáìlì C náà, tí yóò sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tí irin lóye. Ògbufọ̀ méjì ni ó wà níbí nígbà náà. Bison ń túmọ̀ gírámà sí C. Kọ̀ǹpáílà ń túmọ̀ C sí èdè ẹ̀rọ. Bí C tí ẹni ìṣáájú ń sọ bá yàtọ̀ sí C tí ẹni ẹ̀yìn gbọ́, ìjà dé nìyẹn.

Àkọtọ́ àtijọ́, olùkọ́ òde òní

Kọ̀ǹpáílà tí ó wà lórí ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ mi ni GCC 14, èyí tí ó jáde ní oṣù karùn-ún 2024. A gbé fáìlì 2003 fún un, ó sì kọ̀ ọ́. Ó ní a pe yylex láìkéde rẹ̀. Ó ní a pe yyerror láìkéde rẹ̀. Ó ní ẹni tí ó kọ main kò sọ irú èsì tí yóò mú wá. Ó tún ní a pe ohun kan tí ń jẹ́ sopo, tí òun kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Èyí tí ó dùn mí jù ni pé nígbà tí ó ń tọ́ka sí ibi tí àṣìṣe wà, kò dárúkọ fáìlì tí a gbé fún un. Gbolohun.y ni ó ń dárúkọ, pẹ̀lú nọ́ńbà ìlà. Bison a máa kọ irú àmì bẹ́ẹ̀ sínú fáìlì tí ó bá bí, kí kọ̀ǹpáílà lè darí ènìyàn sí orísun. Ẹ̀rọ ń sọ fún mi pé kí n lọ wo ìlà báyìí-báyìí nínú ìwé tí ó ti sọnù. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ní kí ènìyàn lọ bi òkú ní ìbéèrè.

Mo bínú. Mo ní, 'Ṣebí fáìlì yìí ṣiṣẹ́ ní 2003! Kí ni ó dé tí kò fi ṣiṣẹ́ lónìí? Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án.' Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo ronú sí ọ̀rọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yorùbá. Ẹ wo àwọn ìwé tí a tẹ̀ ṣáájú 1974. 'Enia' ni wọ́n kọ, 'aiye' ni wọ́n kọ, 'nwọn' àti 'yio' ni wọ́n kọ. Kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kan ìwé wọ̀nyẹn. Síbẹ̀, bí èmi bá kọ 'enia' sínú ìwé ìdánwò lónìí, olùkọ́ yóò fi yẹ́ńkì pupa fà á. Ìwé kò yí padà. Àkọtọ́ ni ó yí padà.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni èdè C. Nínú C tí Kernighan àti Ritchie gbé kalẹ̀ nínú ìwé wọn ní 1978, ènìyàn lè pe iṣẹ́ kan ní orúkọ láìkọ́kọ́ sọ ohun tí ó jẹ́. Kọ̀ǹpáílà yóò kàn gbà pé nọ́ńbà ni yóò mú bọ̀. Ìlànà 1989 ṣì fàyè gba èyí. Ìlànà 1999 fagi lé e. GCC kò sì gbá ènìyàn létí lọ́jọ́ náà. Ó ń kìlọ̀, ó ń kìlọ̀, títí ó fi di 2024 kí ó tó sọ ìkìlọ̀ di kíkọ̀. Ọdún 25 ni ó fi fún wa láti tún ilé ṣe. Ta ni ó tún lè sọ pé òjijì ni?

Kí n má parọ́ mọ́ Bison náà. Kì í ṣe òun ni ó yẹ kí ó kéde yylex àti yyerror. Ẹni tí ó kọ gírámà ni ó fi í lé lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni títí di òní. Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ 2003 kò ṣe é, nítorí pé kọ̀ǹpáílà ìgbà ayé rẹ̀ kò fi dandan lé e. Èmi kò dá a lẹ́bi. Àkọtọ́ ìgbà ayé rẹ̀ ni ó lò.

Ẹ má di ìkìlọ̀ lẹ́nu

Ọ̀nà àbùjá kan wà, a sì gbà á. Ọ̀rẹ́ mi fi ọ̀rọ̀ kan kún àṣẹ tí ó fún kọ̀ǹpáílà, èyí tí ń jẹ́ -fpermissive, tí ń mú kí GCC 14 sọ àwọn àṣìṣe yìí di ìkìlọ̀ lásán. Lẹ́sẹ̀ kan náà, kọ̀ǹpáílà gbà. A pàtẹ́wọ́. Mo tẹ gbólóhùn 'Ade ra eran je' sí i, láìfi àmì sí i, bí ẹni ìṣáájú ti ṣe é. Ètò náà kú fin-ín-fin-ín kí ó tó dá mi lóhùn.

Odindi ọ̀sán ni a fi wá ìdí rẹ̀. Sopo ni iṣẹ́ tí ń so ọ̀rọ̀ pọ̀, inú iranse.c ni ó wà, èsì rẹ̀ sì ni àdírẹ́sì ibi tí ọ̀rọ̀ tí ó so pọ̀ wà nínú ọpọlọ ẹ̀rọ. Nítorí pé a kò kéde rẹ̀ nínú fáìlì tí ó pè é, kọ̀ǹpáílà gbà pé nọ́ńbà lásán ni yóò mú bọ̀. Lórí ẹ̀rọ tí ó wọ́pọ̀ ní 2003, nọ́ńbà lásán gba bíìtì 32, àdírẹ́sì náà gba bíìtì 32. Irọ́ náà kò pa ẹnikẹ́ni lára. Lórí ẹ̀rọ òde òní, nọ́ńbà ṣì jẹ́ 32, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì ti di 64. Kọ̀ǹpáílà gé àdírẹ́sì sí méjì, ó sọ ìdajì nù, ètò náà sì lọ kan ilẹ̀kùn ilé tí kò sí.

Nígbà náà ni mo mọ̀ pé kọ̀ǹpáílà tí mo ń bú ni ó ń sọ òótọ́. Ó rí àṣìṣe yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, ó kígbe, àwa ni a fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ìlà mẹ́rin péré ni ó nílò: a kéde yylex, a kéde yyerror, a kéde sopo, a sì sọ irú èsì main. Ètò náà jí. Ó tú 'Ade ra eran je' palẹ̀ bí ẹni pé àná ni wọ́n kọ ọ́.

Kì í ṣe tiwa nìkan

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní 2020, GCC 10 jáde, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì lè kọ Linux àtijọ́ jáde mọ́. Ètò kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí ń jẹ́ dtc, tí flex àti Bison jọ ń ṣiṣẹ́ fún. Fáìlì flex ṣẹ̀dá ohun kan tí ń jẹ́ yylloc. Fáìlì tí Bison bí náà ṣẹ̀dá yylloc. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni irinṣẹ́ ń da méjèèjì pọ̀ sí ọ̀kan láìsọ̀rọ̀. GCC 10 ní òun kò dà wọ́n pọ̀ mọ́ àyàfi bí a bá pàṣẹ. Àtúnṣe náà kò ju kí a yọ ìlà kan kúrò nínú fáìlì flex.

Bákan náà ni ó rí ní ti C++. Ìlànà 2017 mú ìlò 'register' àtijọ́ kúrò nínú èdè náà, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn ni ó kún inú fáìlì tí flex àtijọ́ ń bí. Nígbà tí Bison 3.0 jáde ní 2013, òun fúnra rẹ̀ kọ YYPARSE_PARAM sílẹ̀, èyí tí gírámà àtijọ́ púpọ̀ ń lò. Ní 2025, GCC 15 bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìlànà C23 bí a kò bá yan òmíràn fún un. Nínú ìlànà yìí, bí ènìyàn bá kéde iṣẹ́ kan pẹ̀lú àkámọ́ òfìfo, ohun tí ó sọ ni pé kò gba ohunkóhun. Láyé àtijọ́, ohun tí ó sọ ni pé òun kò tíì ṣàlàyé ohun tí ó gbà. Òmíràn tún ń bọ̀ lọ́la.

Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ kan. Àwọn tí ó ní fáìlì orísun lọ́wọ́ ṣe àtúnṣe ní ìṣẹ́jú díẹ̀: wọ́n yọ ìlà kan, wọ́n tún flex tàbí Bison pè, ó parí. Àwọn tí fáìlì tí ẹ̀rọ bí nìkan wà lọ́wọ́ wọn ni ó ń fi ọwọ́ ṣa ẹ̀gún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwọn kan lè sọ pé àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí pàápàá a máa tọ́jú fáìlì tí ẹ̀rọ bí. Òótọ́ ni. Títí di 2018, Linux ń pín irú fáìlì bẹ́ẹ̀ fún àwọn ènìyàn, kí ẹni tí kò ní Bison lè rí ọ̀nà lọ. Ohun rere ni, n kò sì takò ó. Ṣùgbọ́n wọ́n pín gírámà náà pẹ̀lú rẹ̀. Àwa ni a pín ọ̀kan tí a sọ èkejì nù.

Ohun tí a rí, ohun tí a kò rí

Inú mi dùn díẹ̀ nígbà tí ètò náà jí, ṣùgbọ́n ayọ̀ náà kò tọ́jọ́. Iṣẹ́ mi ń fẹ́ kí n fi òfin kún un fún gbólóhùn àkíyèsí alátẹnumọ́, bí 'Ẹran ni Adé rà jẹ.' Níbo ni mo fẹ́ kọ òfin sí? Inú àtẹ nọ́ńbà? Bí ènìyàn bá yí nọ́ńbà kan padà níbẹ̀, gbogbo ìyókù yóò dà rú.

Ọ̀rẹ́ mi ni ó rí ọ̀nà. Ó fi hàn mí pé Bison àtijọ́ yẹn a máa kọ àtẹ mélòó kan sínú fáìlì fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìwádìí àṣìṣe. Kọ̀ǹpáílà kì í wo púpọ̀ nínú wọn bí a kò bá pàṣẹ, ṣùgbọ́n ojú ènìyàn lè wò wọ́n. Ọ̀kan ń jẹ́ yytname. Orúkọ gbogbo ìsọ̀rí ni ó wà nínú rẹ̀, mo sì rí apola_oruko àti apola_ise níbẹ̀ bí ẹni rí ọ̀rẹ́ àtijọ́ ní ìlú òkèèrè. Òmíràn ń jẹ́ yyr1, tí ń sọ ìsọ̀rí tí òfin kọ̀ọ̀kan ń ṣàlàyé. Òmíràn ń jẹ́ yyrhs, tí ń sọ ohun tí ó para pọ̀ di ìsọ̀rí náà. A jókòó ti àwọn àtẹ yìí fún alẹ́ mẹ́ta, a ń tú nọ́ńbà padà sí ọ̀rọ̀, èmi ń kà, òun ń kọ. Òfin 38 ni a rí gbà padà.

Inú àwọn ìsọ̀rí náà ni mo ti rí FI, tí ó dá dúró gẹ́gẹ́ bí ẹni ìṣáájú ti wí. Kò sí láàrin àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe, kò sí láàrin àwọn tí kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe. Ó wà ní àyè ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni ìdí? Inú gbolohun.y ni ó kọ ọ́ sí, bí àlàyé fún ènìyàn. Bison kì í kó àlàyé tí a kọ sáàrin òfin wọ inú àtẹ. Irin kò nílò ìdí. Bákan náà, ibikíbi tí òfin méjì bá ti du ọ̀rọ̀ kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́, Bison ti yan ọ̀kan, ó sì ti kọ èyí tí ó yàn sínú nọ́ńbà. A lè rí ohun tí ó yàn. A kò lè mọ̀ bóyá ẹni tí ó kọ gírámà ni ó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, tàbí ó kàn ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí a pàdánù gan-an nìyẹn. Èrò ọmọ Yorùbá kan lórí 'fi,' èrò tí ó ti fi oṣù púpọ̀ rò, ti lọ. Ẹ̀rọ gbé iṣẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ wa láìfọ́; àlàyé ni kò bá a dé. Kì í sì í ṣe GCC ni ó gbé e jù. Àwa ni. Ẹni tí ó kọ ọ́ gbàgbé láti fi í sínú sídíì. Ẹni tí ó gba sídíì náà kò ṣí i wò. Ìwé sì wọ inú àpótí.

Ẹ wo àwọn ìyá wa tí ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Bí aṣọ bá gbó, a ó lò ó di àkísà, kò burú, nítorí pé bátànì wà nílé tí a lè fi ya òmíràn. Fáìlì tí Bison bí, aṣọ ni. Gírámà ni bátànì. Àwa gba aṣọ, a ju bátànì nù, a wá ń bínú pé aṣọ gbó.

Àbá mi

Lójú tèmi, ohun mẹ́rin ni ó yẹ kí a ṣe, kò sì sí èyí tí yóò ná wa ní owó.

Èkíní, kí ẹ̀ka wa má gba àpilẹ̀kọ kankan tí ó ní ètò kọ̀ǹpútà nínú láìsí fáìlì tí ènìyàn fi ọwọ́ kọ. Kí ẹnìkan ṣí sídíì tàbí ohunkóhun tí a kó o sí wò níṣojú akẹ́kọ̀ọ́ náà, kí ó tó fọwọ́ sí i.

Èkejì, kí a tẹ gírámà náà sí ẹ̀yìn ìwé gan-an, pẹ̀lú gbogbo àlàyé inú rẹ̀. Òfin 38 kò lè kún ju ojú ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Bébà kì í bèèrè ẹ̀dà GCC kí ó tó jẹ́ kí a ka òun.

Ẹ̀kẹta, kí a kọ orúkọ àti ẹ̀dà irinṣẹ́ tí a lò sílẹ̀: Bison wo, flex wo, kọ̀ǹpáílà wo, ìlànà C ti ọdún wo. Ẹni tí ó bá ń tẹ ìwé àtijọ́ jáde a máa sọ irú àkọtọ́ tí a fi kọ ọ́. Ohun kan náà ni.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ tún fáìlì tí ẹ̀rọ bí ṣe kí ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Inú gírámà ni kí ó ti tún un ṣe, kí ó sì tún un bí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ tí ẹlòmíràn bá pe Bison, gbogbo àtúnṣe náà yóò parẹ́. Bí kọ̀ǹpáílà bá sì kìlọ̀, kí a gbọ́ tirẹ̀.

Mo ti gbọ́ tí ẹnìkan nínú àwọn àgbà wa sọ pé iṣẹ́ ẹ̀ka Yorùbá kọ́ ni èyí, pé kí a fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ fún àwọn ẹlẹ́rọ. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi dáhùn. Ọ̀rẹ́ mi mọ kọ̀ǹpáílà ju èmi lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n nígbà tí a rí FI nínú àtẹ, èmi ni ó yíjú sí. Kò sí ẹlẹ́rọ tí yóò bá wa sọ ìdí tí 'fi' fi dá dúró. Bí àwa kò bá tọ́jú gírámà Yorùbá, ta ni a fẹ́ kí ó bá wa tọ́jú rẹ̀?

Ní tèmi, mo ti kọ gbolohun.y tuntun. Àwọn òfin ẹni ìṣáájú wà nínú rẹ̀, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé tirẹ̀ ni. Òfin àkíyèsí alátẹnumọ́ ti wọlé. Àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti gba àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀. Kì í ṣe ohun kékeré, nítorí pé lẹ́tà ẹ́ kan ṣoṣo a máa gba báìtì márùn-ún bí a bá kọ ọ́ pẹ̀lú àmì tí ó dá dúró, bẹ́ẹ̀ báìtì ni flex ń kà, kì í ka lẹ́tà. Bison òde òní gbà á, GCC 14 sì gbà á láìkùn. Ní ti 'fi,' mo fi í sí ibi tí mo rò pé ó yẹ. Ó ṣeé ṣe kí n ṣì í. Ṣùgbọ́n mo kọ ìdí mi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìlà mọ́kànlá, ní Yorùbá, mo sì ti tẹ ẹ́ sí ẹ̀yìn ìwé mi, kí ẹni tí yóò wá bá mi jiyàn ní ogún ọdún sí i lè mọ ohun tí ó ń bá jà.

Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ó kù sọ́wọ́ gbogbo wa.